Ta Ní Ń Lé Ọ?

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pè láti Ìsẹ́yìn,
ó gbọ́ bí mo ṣe ń mí hẹlẹhẹlẹ.
"Kí ló dé?" Mo ní mo ń sáré ni.
"Ní ìdájí yìí? Ta ní ń lé ọ?
Ẹnìkan kì í déédé sáré nínú ẹ̀gún, Adéyanjú;
bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ń lé e."
Mo ní kò sí ẹ̀gún ní Ṣẹ́fíìdì,
òkè ló wà níbí.
Ó ní kí n lọ jẹun.

Dókítà ló dá a sílẹ̀,
ọmọbìnrin kan tí kò ju àkọ́bí mi lọ.
Ó wo ẹ̀rọ tó fi wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mi, ó wo ojú mi,
ó ní, "Ẹ máa rìn díẹ̀díẹ̀."
Kí n rìn kẹ̀?
Èmi tí mo ń ti bẹ́ẹ̀dì aláìsàn kiri ọsibítù láti alẹ́ mọ́jú?
Ìbínú ni mo fi ra bàtà,
pọ́n-ùn mẹ́jọ, ní ṣọ́ọ̀bù àlòkù ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì;
gìgísẹ̀ òsì rẹ̀ ti jẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ọjọ́ kìn-ín-ní, òpó iná mẹ́rin.
N ò ní purọ́: òpó mẹ́rin, mo bá di igi mú.
Ajá kan dúró wò mí. Olówó rẹ̀ náà dúró:
"Ṣé kò sí, olólùfẹ́ mi?"
(Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pe gbogbo ayé níbí,
ìbáà ṣe ẹni tí wọn ò rí rí.)
Ọ̀sẹ̀ kejì, òpó mẹ́sàn-án.
Nígbà tí yìnyín fi máa yọ́ létí odò Dọ́ọ̀nù
n ò ka òpó mọ́.

Ìbídùn bu òrí Ṣakí fún mi kí n fi pa itan,
ó ní òun ò fẹ́ ọkọ tó bó bí iṣu sísun.
Èékánná àtàǹpàkò ẹsẹ̀ mi dúdú,
ó já sínú ìbọ̀sẹ̀.
Mo gbé e sọ́wọ́, mo wò ó títí.

Ọjọ́ eré ìje, pín-ìnnì mẹ́rin, nọ́ńbà láyà.
Máìlì mẹ́ta àkọ́kọ́, mo bá àwọn ọ̀dọ́ lọ,
mo gbàgbé ọjọ́ orí mi sílé.
Ní máìlì kẹsàn-án, òkè kan dé
tó gùn bí ẹjọ́ ilẹ̀.
Pajápajá mú mi. Mo dúró.
Ìyá kan kọjá, ẹni ọdún mọ́kànléláàdọ́rin,
Dóríìnì lorúkọ tó wà lẹ́yìn aṣọ rẹ̀.
Kò bojú wẹ̀yìn.
"Má wo òkè, ọmọ mi. Bàtà mi ni kó o máa wò."

Mo wo bàtà rẹ̀. Àwọ̀ òsùn, ẹrẹ̀ ní gìgísẹ̀.
Ibẹ̀ ni mo ti rí bàbá mi.
Òun ò sáré rí.
Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú ilé,
ó ní kí n bu omi wá.
Mo rìn lọ síbi àmù, mo rìn bọ̀,
mi ò kánjú; ta ní ń kánjú nítorí omi?
Ọdún méjìléláàdọ́ta ni bàbá mi lò láyé.
Èmi pé mọ́kànléláàdọ́ta ní oṣù Kejì.

Dóríìnì ti jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀ tán kí n tó dé.
Wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú mọ́kàndínlógójì.
Ẹnìkan tí n ò mọ̀ fún mi ní ife omi,
n ò lè mu ún kíá. Mo kàn dì í mú.

Lálẹ́, mo fi ìdí wọ́ sọ̀kalẹ̀ àtẹ̀gùn bí ọmọ ọwọ́.
Fóònù dún. "Ipò kelòó lo gbà?"
Mo sọ fún un. Ó rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín,
ó wá dákẹ́.
"Ohun tó ń lé ọ yẹn, ṣé ó bá ọ?"
Mo ní, "Kò tíì bá mi."
Ó ní, "Ó dáa. Fi omi gbígbóná wọ́ ẹsẹ̀ yẹn."